Àádọ́ta ọ̀kẹ́ tí ẹni méje fẹ́ pín

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń ta aṣọ. Èmi àtàwọn mẹ́fà tá a jọ dáwó ra ọjà fẹ́ pín èrè, mílíọ̀nù kan náírà géérégé, mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, 1,000,000 pín sí 7, ohun tó gbé jáde ni 142857.142857, mo ní kí ló dé tí fóònù yìí ń tún ọ̀rọ̀ sọ bí ayékòótọ́.

Àwọn tó kù gba tiwọn lọ, èmi ò wá lè sùn mọ́. Mo fi 2 tàìmù 142857, ó di 285714. Ẹ wò ó dáadáa, àwọn kan náà ni o, wọ́n kàn yí agbo ká ni! 3 gbé 428571 wá, 4 gbé 571428, 5 gbé 714285, 6 gbé 857142. Mo débi 7, mo rò pé wọ́n tún máa yí ni, ó já sí 999999. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé tẹ́ ẹ bá fi òun fúnra ẹ̀ tàìmù ara ẹ̀, ẹ máa rí 20408122449, ẹ gé e sí 20408 àti 122449, ẹ wá ro méjèèjì pọ̀, ilé ló padà sí, 142857.

Màmá mi ni mo ń rò ó fún, wọ́n ní kí n yéé pariwo, kí n fi Yorùbá kà á. Mílíọ̀nù kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni, torí 20,000 owó ẹyọ ló ń wọnú ọ̀kẹ́ kan láyé àtijọ́. Tẹ́ni méje bá fẹ́ pín in, kálukú á gbé ọ̀kẹ́ méje, ìyẹn 49, ọ̀kẹ́ kan á ṣẹ́ kù. Ẹ tú u, kálukú á tún ka 2857, owó ẹyọ kan ṣoṣo á ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ọ̀kẹ́ méje àti ẹgbẹ̀rìnlá ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, 142857 gan-an nìyẹn!

Ẹyọ kan yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ fi òdo sí i, 10 pín sí 7 á ṣẹ́ 3 kù, 30 á ṣẹ́ 2 kù, 20 á ṣẹ́ 6, 60 á ṣẹ́ 4, 40 á ṣẹ́ 5, 50 á ṣẹ́ 1, ó ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tó lè ṣẹ́ kù ló ti wà nínú agbo kan ṣoṣo, ibi tó bá wù yín kẹ́ ẹ ti wọlé, ijó kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá pín in sí 17 tàbí 19, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe, tiwọn kàn gùn ni, ṣùgbọ́n 13 ò ṣe é, agbo méjì ló ní, 076923 àti 153846.

Ẹjọ́ tí mo wá rò gan-an ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé ìròyìn Yorùbá, mílíọ̀nù, mílíọ̀nù ṣáá lẹ̀ ń kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àádọ́ta ọ̀kẹ́ sí i, ó kéré tán lórí àkọlé, torí èmi ò bá má mọ ohun tó wà nínú nọ́ńbà yìí ká ní mílíọ̀nù nìkan ni mo mọ̀.

Náírà kan tó ṣẹ́ kù ṣì wà lọ́wọ́ mi o, kò tíì sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Aláṣọ kan ní Ìdúmọ̀tà, Èkó