Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Má Fi Iṣẹ́ Rẹ Pamọ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á dáadáa kí n tó gbé e fún bàbá rẹ. O ní olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà fi yíǹkì pupa fa ilà sí ọ̀pọ̀ ojú ewé nínú ẹ̀rí ìṣirò tí o kọ, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, o kò ní í fi iṣẹ́ kankan hàn án mọ́ títí yóò fi pé láìkù síbì kan. Ìpinnu yẹn ni mo fẹ́ kí o yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ nípa Sophie Germain, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé tí mo ti ń ka ìtàn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni.

Paris ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ọdún 1776. Oníṣòwò sílíkì ni bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ́nu. Nígbà tí ìlú dàrú ní 1789, tí kò ṣeé ṣe fún ọmọbìnrin ọdún 13 láti máa jáde bó ṣe wù ú, inú yàrá ìwé bàbá rẹ̀ ló ń jókòó sí. Níbẹ̀ ló ti ka bí ọmọ ogun Róòmù kan ṣe pa Archimedes, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì àtijọ́, nígbà tí ọkàn rẹ̀ wà lórí àwòrán ìṣirò tó ń yà, ó sì wò ó pé ìmọ̀ tó lè gba ọkàn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ yẹ ní kíkọ́. Àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kó àbẹ́là, iná àti aṣọ kúrò ní yàrá rẹ̀ lálẹ́ kí ó lè sùn, ṣùgbọ́n ọmọ náà a dìde, a wé kúbùsù mọ́ra, a tan àbẹ́là tó ti fi pamọ́, a sì máa kàwé, kódà ní òru tí òtútù ti sọ yíǹkì rẹ̀ di yìnyín. Nígbà tó yá, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá kan náà yìí ló wá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, nítorí kò lọ́kọ, kò sì ríṣẹ́ olówó oṣù kankan títí ó fi kú. Mo bọ̀wọ̀ fún òbí tó lè yí ọkàn padà bẹ́ẹ̀.

Ní 1794, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga École Polytechnique sílẹ̀ ní Paris, ṣùgbọ́n wọn kì í gba obìnrin nígbà náà. Germain wá ọ̀nà rí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó sì kọ iṣẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Lagrange, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin kan tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ rí, Le Blanc. Nígbà tí Lagrange mọ̀ pé obìnrin ni, kò tì í dànù. Láti 1804 ló sì ti ń fi orúkọ Le Blanc yìí kọ̀wé sí Gauss, onímọ̀ ìṣirò ní ilẹ̀ Jámánì, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí nọ́ńbà, tó jáde ní 1801, ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé gba ìlú Brunswick, níbi tí Gauss ń gbé, ní 1806, ẹ̀rù bà á pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Archimedes lè ṣẹlẹ̀ sí Gauss, ó sì bẹ ọ̀gágun Pernety, ọ̀rẹ́ ìdílé wọn, kí ó bá òun dáàbò bo ọkùnrin náà. Báyìí ni àṣírí orúkọ rẹ̀ ṣe tú.

Èsì tí Gauss kọ sí i ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ọdún 1807, ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ apá ìyìn inú rẹ̀, níbi tó ti sọ pé obìnrin tí àṣà di ìdènà lé lórí ju ọkùnrin lọ, tó sì tún wọnú ìjìnlẹ̀ ìmọ̀ nọ́ńbà, ní láti jẹ́ onígboyà àti olóye gidi. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan náà, Gauss fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án. Germain ti sọ pé bí a bá gbé nọ́ńbà méjì sí agbára n (bí 15¹¹ ṣe jẹ́ 15 mọ́kànlá tí a sọ di púpọ̀ pọ̀), tí àròpọ̀ wọn sì ṣeé kọ bíi h² + nf², níbi tí h àti f ti jẹ́ nọ́ńbà odidi, àròpọ̀ nọ́ńbà méjèèjì gan-an yóò ṣeé kọ bẹ́ẹ̀. Gauss fi 15 àti 8 dá a lóhùn: 15¹¹ + 8¹¹ jẹ́ 1595826² + 11 × 745391², ṣùgbọ́n 15 + 8 jẹ́ 23, kò sì sí bí a ṣe lè kọ 23 bíi x² + 11y². Jókòó kí o ṣe é fúnra rẹ, wàá rí i pé ó pé. Ǹjẹ́ o rò pé Gauss yóò ṣe irú ìṣirò gígùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò kà sí? Ọ̀wọ̀ ló fi ṣe é. Kò gbóríyìn fún un nítorí pé obìnrin ni kí ó wá fi àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé obìnrin ni.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Chladni, onímọ̀ nípa ìró ará Jámánì, wá sí Paris, ó da iyanrìn sórí awo irin, ó fi ọ̀pá gòjé fa etí awo náà, iyanrìn sì to ara rẹ̀ sí oríṣiríṣi àwòrán. Ẹnu ya Napoleon, olú ọba Faransé, wọ́n sì kéde ẹ̀bùn fún ẹni tó bá lè fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí gbèdéke pé ní 1811, iṣẹ́ Germain nìkan ló wọlé. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀, wọn kò fún un lẹ́bùn, ṣùgbọ́n Lagrange, tó wà lára àwọn adájọ́, mú èrò tó gbé kalẹ̀, ó sì yọ ìdọ́gba ìṣirò tó tọ́ jáde láti inú rẹ̀. Germain padà wá ní 1813, wọ́n kàn dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni. Ó tún padà wá, ó sì gba ẹ̀bùn náà ní oṣù Kìíní 1816, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adájọ́ kò gbà pé gbogbo rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Kò lọ síbi ayẹyẹ náà.

Wọ́n máa ń pa ìtàn yìí bí ìtàn ẹni tí kì í juwọ́ sílẹ̀, òótọ́ sì ni. Ohun tí ó ń dùn mí níbẹ̀ yàtọ̀. Àwọn àṣìṣe yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Wọ́n jẹ́ ti ẹni tí kò sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti sọ pé, "Ibí yìí kò tíì dúró." Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, àwọn tó sì lè sọ fún Germain kì í sábà ráyè tirẹ̀. Poisson, adájọ́ tó tún ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀ràn kan náà, kò bá a jíròrò tinútinú. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo aṣelámèyítọ́ ni yóò ṣe ọ́ lóore. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka ẹ̀rí rẹ láti ojú ewé kìíní dé ìparí, tó sì kọ ìdí tó fi fa ilà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀tá rẹ.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ tí Germain ṣe lórí ọ̀rọ̀ tí Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi sílẹ̀, pé kò sí nọ́ńbà odidi tó ju òdo lọ tí yóò mú xⁿ + yⁿ = zⁿ ṣẹ bí n bá ju 2 lọ. Ó ní ètò ńlá lọ́kàn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún Gauss nínú lẹ́tà ní 1819, ṣùgbọ́n a kò mọ èsì kankan tí Gauss fọ̀ sí i. Kò tẹ iṣẹ́ náà jáde. Àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ewé tí Legendre, onímọ̀ ìṣirò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ni ayé fi mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tó kù sì wà nínú ìwé àfọwọ́kọ ní Paris fún ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún kí àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Àwọn nọ́ńbà prime (èyí tó ju 1 lọ, tí kò sí nọ́ńbà odidi tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti ara rẹ̀) bíi 11, tí ìlọ́po méjì rẹ̀ pẹ̀lú 1 tún jẹ́ prime, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Inú mi dùn sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹnì kan bá ti jókòó tì í nígbà tó wà láàyè. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, ọdún 1831, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 55.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, kó ìwé yẹn padà lọ bá olùkọ́ rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bó ti rí. Mú ilà pupa kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ohun tí o rò pé ó túmọ̀ sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì bi í léèrè níbi tí kò bá yé ọ. Bí o bá rò pé òun ló ṣì í, sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì fi ẹ̀rí rẹ hàn án. Wá ẹlẹgbẹ́ kan pẹ̀lú tí ẹ ó jọ máa ka iṣẹ́ ara yín kí ó tó dé iwájú olùkọ́. Fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi náà. Bí kò tilẹ̀ yé mi tán, mo ṣì lè rí ibi tí o ti fò lórí ìgbésẹ̀ kan.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ti fi owó ìwé tí o béèrè ránṣẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ.