Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nípa ìwé orin Ìyá Àgbà

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Kánádà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́?

Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́. Ò ń fi òwú tútù nu etí ìwé orin Ìyá Àgbà, o ní ṣé ìdọ̀tí náà ò ní í lọ ni. Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀. Aró ni. Nígbà tí a ń pín ẹrù wọn, tí àwọn kan ń bá ara wọn fa aṣọ òkè, ìwé yẹn gan-an ni ojú mi wà lára rẹ̀. Àmọ́ ìwọ ni àbíkẹ́yìn, mo dákẹ́.

O kéré púpọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ nílé wa ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta. Láfún tí à ń fi ewédú jẹ náà ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi yà á, kí aró má bàa mú ibi tó bá kàn, ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù máa ń wà nínú tiyẹn. (Bọ̀dá rẹ àgbà tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan. Má bi í léèrè o, á bínú.) Wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ kó má ní kókó, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n á mú ìyẹ́ adìẹ. Bí ìyẹ́ bá ti kan aṣọ báyìí, orin bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Áltò, ohùn obìnrin tó wà lábẹ́ ohùn òkè, ni Ìyá Àgbà ń kọ ní kúáyà, áltò náà ni wọ́n ń kọ nídìí àdìrẹ. Tí o ò bá mọ orin náà tẹ́lẹ̀, o ò lè dá a mọ̀, torí ohùn òkè ò sí níbẹ̀. Àwa ọmọdé la máa ń mú ohùn òkè. Ẹni tó bá ṣì í, wọ́n á dá ìyẹ́ dúró, wọ́n á ní, "Tún un mú." Ẹ̀kọ á máa kán sílẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn ni wọ́n ń yà, ẹsẹ orin kan ní ń gbé òpó Gbọ̀ngàn Màpó kan dúró, ṣíbí tó wà láàárín òpó ni ègbè. Wọn kì í ya iṣẹ́ Ọlọ́ba, èyí tó jáde nígbà àjọyọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Wọ́n ní àwọn ò mọ ọba yẹn rí.

Àwọn aláró mìíràn a máa bọ Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, kí aró wọn lè jẹ́. Ti Ìyá Àgbà, orin ni. Bí aró bá kọ̀, eérú tí wọ́n fi ṣe é ni wọ́n ń bá wí, wọn kì í bá Ọlọ́run wí. Inú ìkòkò yẹn sì ni owó ilé ìwé màmá rẹ àti bàbá mi ti jáde.

Aṣọ á jáde nínú aró bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á di dúdú níṣojú wa. Ọwọ́ wọn náà á dúdú dé ọrùn ọwọ́. Ọṣẹ dúdú ò ràn án. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n gbé lọ sí Kàtídírà Aké, ilé tí wọ́n parí ní 1898, tí wọ́n fi ń yangàn bí ẹni pé àwọn ló kọ́ ọ. Ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣí ìwé. Torí náà, ojú ewé tó bá dúdú jù, orin tí wọ́n fẹ́ràn jù ló wà níbẹ̀.

Nínú àwọn ojú ewé dúdú yẹn, má retí orin tí wọ́n fi tipátipá kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn òyìnbó. Ìyẹn máa ń bí wọn nínú. Wọ́n á ní J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà Ẹ̀gbá tó lọ kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, mọ bí ohùn orin ṣe ń bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn, kí ló wá dé tí àwọn tó kù ò lè ṣe é?

Ní ọjà Ìtòkú báyìí, kámpálà oní-àbẹ́là, tí wọ́n ń fi àbẹ́là ṣe dípò ẹ̀kọ, ló pọ̀. Ó ń dán, ó ń tà, mi ò bá a jà. Àmọ́ ìlà ìyẹ́ ti wọ́n.

Aládùúgbò wọn kan ṣì ń rẹ aró. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó máa fún wa ní ìkòkò kan tí o bá dé ní Kérésì. Ìyẹ́ ni mò ń wá kiri báyìí. Mú ìwé náà bọ̀, kí o sì ti máa kọ́ áltò lọ́hùn-ún, torí èmi nìkan ò lè gbé e. Aṣọ tí o máa wọ̀ dé ìdí aró, kó jẹ́ èyí tí o ò fẹ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.