Lẹ́tà sí Àǹtí mi tó ní òun ò ṣe ìyá arúgbó

Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní ìyá arúgbó ni wọ́n ní kí ẹ ṣe nínú eré tí ẹgbẹ́ yín ń múra ẹ̀, ẹ ní kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé ẹni tó ti ń sún mọ́ 50 tí wọn ò tíì mọ̀ níbì kankan, kó yáa lọ jókòó. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Liz Smith, òṣèré obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fún yín.

Wọ́n bí i ní Scunthorpe, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1921. Ọmọ ọdún 2 ló wà tí ìyá ẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, bàbá ẹ̀ fẹ́ ìyàwó míì, kò mú un dání, ìyá àgbà ló tọ́ ọ. Ó wà pẹ̀lú àwọn obìnrin ológun ojú omi nígbà ogun Hitler, ó lọ́kọ, ó bímọ 2, ìgbéyàwó yẹn tú, òun nìkan wá ń gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ, ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́ ní fáktìrì tí wọ́n ti ń ṣe báàgì ike. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wàhálà yẹn kò fi eré sílẹ̀ o! Ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣèré tí dírẹ́kítọ̀ kan tó ń jẹ́ Charles Marowitz kó jọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré láìsí script, tí kálukú á máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé 50, ó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù Hamleys, ní Regent Street ní London, ni ìpè dé. Dírẹ́kítọ̀ kan tó ṣì kéré, Mike Leigh, ń wá obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ tó lè ṣeré láìsí script. Ṣé ẹ rí i? Ohun tó ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí náà ni wọ́n wá ń wá kiri. Fíìmù yẹn jáde ní 1971, Bleak Moments ni wọ́n pè é, ní 1973 ọkùnrin yẹn tún fún un ní olú ẹ̀dá ìtàn nínú Hard Labour lórí BBC, obìnrin tó ń bá èèyàn tọ́jú ilé, tó tún ń délé sin ọkọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Àǹtí! Ojú ẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Àtìgbà yẹn ló ti ń ṣe ìyá arúgbó. Ó gba BAFTA, àmì ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún àwọn òṣèré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọ̀kan nínú fíìmù A Private Function tó jáde ní 1984. Nana, ìyá àgbà tó ṣe nínú The Royle Family, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n, láti 1998 ni mo fẹ́ràn jù, orí àga ló máa ń jókòó sí nílé ọmọ ẹ̀ tí wọ́n á jọ máa wo tẹlifíṣọ̀n, kò sáré, kò jà, síbẹ̀ òun ni ojú mi máa ń wá. Ní 2006, nínú apá tí Nana ti kú, ọmọ ẹ̀ ń ṣe irun fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún débi pé mo ní láti dá a dúró. Ó ti lé ní 80 nígbà yẹn. Ọdún 95 ló lò láyé.

Torí náà, ẹ má tíì dá wọn lóhùn pé ẹ ò ṣe. Ẹ ya fọ́tò script yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tó bá di alẹ́ Sátidé tí ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa pè yín, màá máa ka ti àwọn yòókù, ẹ̀yin ẹ máa ṣe ti ìyá yẹn.

Àbúrò yín ni.