Ọmọ tó fẹ́ ṣe tíátà, ẹ má jẹ́ kó já Lítíréṣọ̀ sílẹ̀ ní SS1

Ìlódè,
Ilé-Ifẹ̀.

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àsìkò tí ọmọ bá ti parí JSS3 ni àwọn ilé ìwé wa máa ń fún un ní fọ́ọ̀mù kékeré kan kó lọ mú kíláàsì: sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmásì. Ọ̀pọ̀ òbí kì í ka fọ́ọ̀mù yìí. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i, wọ́n á ní kí ọmọ tètè máa lọ kí géètì má baà tì mọ́ ọn. Ìgbà tó bá di ọdún mẹ́ta sí i tí JAMB dé ni ariwo á ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nínú ilé. Ọmọ ní tíátà lòun fẹ́ kà, bàbá ní kò sí alárìnjó nínú ìran àwọn. Wọ́n á pe ẹbí, wọ́n á pe pásítọ̀ tàbí àfáà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ti bọ́ lọ́wọ́ tọmọ tòbí láti SS1.

Mo ṣe olùkọ́ Lítíréṣọ̀ (Literature-in-English) ní ilé ìwé girama, ní Iléṣà àti níbí, títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ bí ètò yìí ṣe ń lọ. Ní JSS, ọmọ ń ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní CCA (Cultural and Creative Arts). Orin, ijó, eré orí ìtàgé àti àwòrán yíyà ni wọ́n kó pọ̀ síbẹ̀. Tó bá ti wọ SS1, CCA tán nìyẹn. Músíkì wà nínú iṣẹ́ WAEC, àwòrán yíyà náà wà, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ tó ń jẹ́ tíátà. Abẹ́ Lítíréṣọ̀ ló fara pamọ́ sí; pépà kẹta Lítíréṣọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ìbéèrè lórí eré oníṣe àti ewì. Lítíréṣọ̀ yìí náà ni àwọn yunifásítì kọ́kọ́ ń wò bí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ sí ẹ̀ka tíátà. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ á sì tún fi Lítíréṣọ̀ ṣe JAMB. Níbo ni ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta ṣe Físíìsì àti Kẹ́mísìrì ti fẹ́ rí i?

Mo mọ ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa tí èyí ṣẹlẹ̀ sí. Orí ẹ̀ pé, ìyẹn ló sì kó bá a, torí ilé ìwé rẹ̀ ní kí irú orí bẹ́ẹ̀ má lọ ṣòfò ní áàtì. Gbogbo iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ló yege, ó wá fẹ́ lọ ka Dramatic Arts, wọ́n ní Lítíréṣọ̀ rẹ̀ dà. Ó padà lọ fi GCE gbà á, òun nìkan nínú yàrá, ó ń ka eré tó yẹ kí èèyàn mẹ́fà máa sọ síra wọn. Ó ti wọlé báyìí, ṣùgbọ́n odidi ọdún kan ti lọ, owó GCE sì ti inú owó ọjà ìyá rẹ̀ jáde.

Àwọn ilé ìwé lẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí ju òbí lọ. Máàkì Mathematics àti Basic Science ni wọ́n ń wò láti pín ọmọ. Èyí tó gbà á dáadáa ń lọ sí sáyẹ́ǹsì, èyí tí kò gbà á ni wọ́n ń kó dà sí áàtì bí ẹni da ìdọ̀tí sí ààtàn. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá ó lè kọrin, bóyá ó lè sọ̀rọ̀ níwájú èrò, bóyá òun ló kọ eré tí kíláàsì rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ ìparí ọdún. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ dákun, tíátà kì í ṣe ibùdó àwọn olódo. Ẹni tí yóò kó ọ̀rọ̀ eré wákàtí méjì sórí, tí yóò tún rántí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìtàgé, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀ ń rò.

Ìlú wo ló sì yẹ kí èyí ti máa ṣẹlẹ̀? Àárín ìlú Ifẹ̀ níbí, kì í ṣe inú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀ (OAU òní), ni Ola Rotimi òǹkọ̀wé eré àti ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun ti kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀, The Gods Are Not to Blame, lọ́dún 1968. Akin Euba onímọ̀ orin ṣiṣẹ́ ní yunifásítì náà láyé ìgbà yẹn. Wole Soyinka, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986, ti ṣe olórí ẹ̀ka Dramatic Arts níbẹ̀. Ẹ̀ka ọ̀hún ṣì wà, ẹ̀ka Músíkì wà, Gbọ̀ngàn Odùduwà wà. Síbẹ̀, mo ti kọ́ ọmọ Ifẹ̀ tó ka eré Ola Rotimi nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ìtàn sórí fún ìdánwò, tí kò fojú kan ìtàgé rí. Ọkọ̀ kan tàbí méjì ló máa gbé e dé Gbọ̀ngàn Odùduwà.

Yorùbá náà ńkọ́? Nínú iṣẹ́ Yorùbá ni ìjálá wà, ibẹ̀ ni rárà, ẹkún ìyàwó àti ẹ̀sà egúngún wà, pẹ̀lú ìwé eré onítàn. Ohun tí à ń fẹnu ké, tí à ń fara ṣe, ni gbogbo wọn, àwa wá sọ wọ́n di nǹkan tí ọmọ ń dà kọ láti ojú pátákó. Olùkọ́ tó bá ní kí kíláàsì dìde kó sun rárà fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti kọ́ wọn ní tíátà, kò sì ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Mo gbọ́ ẹ̀yin tó ń béèrè pé iṣẹ́ wo ni ọmọ fẹ́ fi ṣe. Ìbéèrè gidi ni. Mi ò ní sọ pé owó wà níbẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó kà á ni ẹ máa rí nínú fíìmù. Àwọn kan ń ran aṣọ eré, àwọn kan wà nídìí iná àti ẹ̀rọ ohùn, àwọn kan wà lórí rédíò, òmíràn di olùkọ́ bíi tèmi. Ṣùgbọ́n a rí ẹni tó ka Microbiology tó ń ṣe POS ní Sábó náà. Àwa yìí kan náà là ń lẹ náírà mọ́ akọrin níwájú orí níbi ìnáwó (àyàfi bí EFCC bá wà nítòsí), tí a bá délé tán, a ní iṣẹ́ yẹn ò dáa fún ọmọ wa.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ jókòó ti ọmọ. Bó bá fẹ́ tíátà, áàtì ni kó lọ, kó mú Lítíréṣọ̀, kó sì mú Yorùbá. Bí sáyẹ́ǹsì bá di dandan, iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni WAEC gbà kí ọmọ ṣe. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n wò ó bóyá Lítíréṣọ̀ lè wọ inú rẹ̀, kí àkókò rẹ̀ má sì kọlu ti Físíìsì. Ti Músíkì le díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni kò ní olùkọ́ rẹ̀. Ohun tí yunifásítì kan ń béèrè lórí rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, ẹ wò ó lọ́dọ̀ JAMB kí ẹ tó gbọ́ tẹnikẹ́ni.

Olóòtú, ẹ bá wa tẹ iṣẹ́ tí yunifásítì ń béèrè fún tíátà, orin àti ijó sínú ìwé ìròyìn yín lásìkò tí fọ́ọ̀mù yìí bá ń jáde. Ojú ìwé kan ti tó. Èmi fúnra mi á gé e lọ lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìwé tó wà níwájú ilé wa, bí ọ̀gá wọn bá gbà fún mi.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì.