Ìbọn bàbá kì í ṣe agbádá

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní Amẹ́ríkà, pàápàá àwa tí a fẹ́ ọmọ onílẹ̀, ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí ké sí.

Texas ni bàbá ọkọ mi ń gbé, ọdẹ ni. Georgia ni àwa wà. Nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kó lè lọ sígbó mọ́, ó ránṣẹ́ pe ọkọ mi, ó ní kó wá gbé ìbọn tí òun náà jogún lọ́wọ́ bàbá òun. Orí itan Bàbá ni ìbọn náà wà nígbà tí a wọlé. Igi ìdí rẹ̀ ti ń dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì ti ń sinmi lé láti ọjọ́ pípẹ́, lẹ́tà méjì tí bàbá àgbà fi ọ̀bẹ gbẹ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá ń fi àtàǹpàkò ra lẹ́tà náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ta ni yóò rántí òfin nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Ọkọ mi fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ó gbé e sí búùtù. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ló sáré dá wa dúró lẹ́nu géètì, ó ní òfin kò gbà kí a gbé e lọ sí Georgia bẹ́ẹ̀.

Mo bi lọ́yà léèrè lẹ́yìn náà, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ Bàbá yẹn sọ. Láti ọdún 1968, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà láàyè fa ìbọn lé ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́wọ́, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀, àfi kó gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò ìbọn tó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń gbà á yóò kọ fọ́ọ̀mù ìjọba tí wọ́n ń pè ní 4473, wọn yóò sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò bóyá òfin gbà kó ní ìbọn. Ṣùgbọ́n tí Bàbá bá ti kú, tó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún, tàbí tí kò kọ nǹkan kan tí òfin sì pín ogún rẹ̀, ọmọ lè gbà á kọjá ààlà ìpínlẹ̀ láìdé ọ̀dọ̀ oníṣòwò kankan. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí ojú ara rẹ̀ ni Bàbá fẹ́ fi rí ọmọ rẹ̀ tó gbé e. A wá oníṣòwò kan, Bàbá sì jókòó sínú ọkọ̀ títí ọkọ mi fi gbé e jáde.

Ìpínlẹ̀ tún ní òfin tirẹ̀. Ní California, bí àwọn méjèèjì bá ń gbé níbẹ̀, òbí lè fún ọmọ, òbí àgbà lè fún ọmọ-ọmọ, láìgba ọ̀dọ̀ oníṣòwò, kí ẹni tó gbà á sì fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 30. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sí lára wọn. Bó bá sì jẹ́ ìbọn arọ̀jò-ọta tí bàbá kan gbé ti ojú ogun bọ̀, tí kò sí nínú ìwé ìjọba, ajogún kò lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Kó tètè pe lọ́yà, kó má gbé e káàkiri.

Èyí tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni ti àwọn ọmọ wa. Ẹni tó wà lórí físà ìgbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́, òfin kò gbà kó ní ìbọn lọ́wọ́, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀, bíi kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi pé ó lu aya rẹ̀. Ìwé ìhágún kò lè tú u sílẹ̀. Ọmọ tí àna rẹ̀ fi ìfẹ́ gbé ìbọn lé lọ́wọ́ lè torí ẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n sì lé e kúrò nílùú.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá agbẹjọ́rò kan tí yóò máa dáhùn irú ìbéèrè báyìí nínú ìwé ìròyìn yín. Kó bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn onífísà.

Èmi ni tiyín,
Ìyàwó Ọmọ Ọdẹ,
Georgia