Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Houston, lórí ẹ̀kọ́ kóòdù tí mo kọ́ lóru

Bódìjà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti ka ìbéèrè inú rẹ̀ ju ìgbà mẹ́ta lọ: ṣé kí o san owó bootcamp (ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ lórí bí a ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà) tí àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ ń sọ, kí o fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ láti lọ máa kọ sọ́fítíwíà, àbí kí o má dá a láṣà? N kò fẹ́ fi gbólóhùn kan dá ọ lóhùn, nítorí pé oṣù Kejìlá ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tèmi, ohun tí mo sì bá pàdé níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sínú ìpolówó.

Ọ̀sẹ̀ 16 ni a fi ṣe é. New York ni àwọn olùkọ́ wa wà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwọn sì ni aago mọ́kànlá alẹ́ níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n yí aago tiwọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, tí tiwa sì wà bó ṣe wà, kíláàsì bọ́ sí aago méjìlá òru. Láti ọ̀sán ni mo ti máa ń ṣáàjì láptọ́ọ̀pù mi sílẹ̀, nítorí pé bí mo bá tan jẹnẹrétọ̀ lóru, àwọn aládùúgbò kò ní rójú sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, mo rò pé mo ti ń mọ̀ ọ́n. Mo ń wo fídíò, ohun tí olùkọ́ bá tẹ̀ ni èmi náà ń tẹ̀, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ń kọ sì ń jáde bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí oníkálukú ṣí fáìlì òfìfo, kí ó kọ tirẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé ojú mi nìkan ló ti ń kọ́ṣẹ́, ọwọ́ mi kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo yàn ni ojú ewé kan tí yóò máa fi iye tí wọ́n ń ta kóńgò oúnjẹ ní ọjà Bódìjà hàn: ẹ̀wà, gààrí, àgbàdo, èlùbọ́. Mo kọ ọ́ tán, mo ṣí i, ojú ewé náà funfun báláú. Ọ̀rọ̀ pupa kan wà ní ìsàlẹ̀: Cannot read properties of undefined (reading 'map'). Bí mo ti rí pupa ni àyà mi já. N kò kà á. Mo ń yí ibí padà, mo ń pa tọ̀hún rẹ́, mo ń da ohun tí mo bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ wa lálẹ́ ọjọ́ kejì, ohun kan ṣoṣo ló ní kí n ṣe: kí n kà á sókè ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ohun tó ń sọ ni pé ibi tí mo ti ń wá àkójọ kan, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tilẹ̀ dárúkọ fáìlì náà, ó sì sọ pé ìlà 42 ni. Láti òru àná ni ìdáhùn ti wà níwájú mi.

Orí kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà lókèèrè ni àkójọ iye owó náà ti ń bọ̀, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, pàápàá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa. Kóòdù mi kò dúró dè é. Ó na ọwọ́ sínú abọ́ tí oúnjẹ kò tíì dé inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí àṣìṣe bá jáde, mo máa ń gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù ná, kí n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. O sọ fún mi nígbà kan pé ẹ kì í fi ojú díwọ̀n ara gbígbóná aláìsàn, pé ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni ẹ máa ń kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rántí.

Ìyẹn ṣì sàn, nítorí pé kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Èyí tó dákẹ́ ló fi ojú mi rí màbo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹ̀wà nínú ọjà náà ní àwọn fẹ́ fi fóònù àwọn dán an wò. Wọ́n tẹ “ẹ̀wà”, ojú ewé ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà ló wà lókè pátápátá! Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Níkẹyìn, mo ní kí kọ̀ǹpútà ka iye àmì tó wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì: èyí tí èmi kọ sílẹ̀ jẹ́ 6, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ jẹ́ 4. Lójú èmi àti ìwọ, lẹ́tà mẹ́ta ni ẹ̀wà ní. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, a lè kọ e lásán, kí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, kí a tún gbé àmì ohùn lé e lórí; a sì lè lo ẹ tó ti ní àmì abẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó ku àmì ohùn nìkan. Ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà “à” ní. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kọ̀ǹpútà sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. JavaScript, èdè tí mo fi kọ kóòdù náà, ní ohun tó ń tún un ṣe, normalize ni orúkọ rẹ̀, ó ti wà nínú èdè náà láti ọdún 2015. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá gba inú rẹ̀ kọjá, wọn yóò bá ara wọn mu. Ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu kàn án ní kíláàsì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àpẹẹrẹ wa. Inú mi dùn lóru ọjọ́ náà ju bí mo ti lè sọ lọ, nítorí pé mo rí i pé iṣẹ́ ń dúró de àwa tí a ń kọ Yorùbá, èyí tí ẹni tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rí kò ní mọ̀ pé ó wà.

A tún lo Git, ètò tí ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe sí kóòdù, tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005 nítorí iṣẹ́ Linux, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jọ tún ìlà kan náà kọ, Git sì ní kí n yan èyí tí a ó lò. Mo yan tèmi láì ka tirẹ̀, iṣẹ́ tí ó fi ọjọ́ kan ṣe sì kúrò nínú kóòdù náà. A rí i gbà padà, nítorí pé Git máa ń tọ́jú ti àtẹ̀yìnwá, mo sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ní ti owó àti iṣẹ́, n kò ní tàn ọ́. Wọ́n ní kété tí a bá parí ni iṣẹ́ yóò dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kékeré méjì ni mo ti rí, ojú ewé ilé ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kan àti ti aránṣọ kan, àwọn tó mọ̀ mí ló sì gbé e fún mi. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Ohun tí mo ti kọ rí ni wọ́n ní kí n fi han àwọn.

Nítorí náà, má tíì san owó, má sì tíì fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kóòdù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní freeCodeCamp wà lọ́fẹ̀ẹ́, CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti yunifásítì Harvard, náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Mú ọ̀kan níbẹ̀, fi oṣù méjì ṣe é ní àwọn ọjọ́ tí o kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, kí o sì kọ nǹkan kan tí ìwọ fúnra rẹ yóò lò, bí àpẹẹrẹ ètò tí yóò máa fi ọjọ́ iṣẹ́ rẹ hàn ọ́. Má fi orúkọ aláìsàn kankan sínú rẹ̀ o. Bí ó bá ṣì ń wù ọ́ lẹ́yìn náà, bi àwọn oní-bootcamp náà pé ta ni yóò máa ka kóòdù rẹ, pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni olùkọ́ kan ń bójú tó, àti pé èló ni wọn yóò dá padà bí o bá dúró láàárín ọ̀nà.

Bí àṣìṣe àkọ́kọ́ bá dá ọ dúró, fi ránṣẹ́ sí mi. Má ya fọ́tò rẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, kí o kọ ohun tí o fẹ́ kí ó ṣe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti ohun tó ṣe. Ó ṣeé ṣe kí o ti rí ìdáhùn kí o tó kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n fi ránṣẹ́ síbẹ̀, mo fẹ́ kà á.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.