Má fọwọ́ kan oògùn gáùtì mi

Àkànbí ọmọ mi,

Ohun tí o sọ lórí fóònù lánàá kò jẹ́ kí n sùn. O ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ wú, pé allopurinol, oògùn gáùtì mi tí mo gbàgbé sílé rẹ, lo fẹ́ lò sí i. Má lò ó o. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn, má rò pé ahun ni bàbá rẹ ń ṣe.

Kíndìnrín tí màmá rẹ yọ fún ọ, àlejò ni lójú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Tí wọ́n bá fura sí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀: ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò lè pín láìkọ́kọ́ da DNA rẹ̀, ìyẹn ìwé ìlànà tó ń darí rẹ̀, kọ tán. Ibẹ̀ ni azathioprine tí ò ń lò kí ara rẹ má baà kọ kíndìnrín náà ti ń mú wọn. Àwọn énsáìmù, òṣìṣẹ́ kéékèèké inú ara, á sọ ọ́ di ayédèrú lẹ́tà, sẹ́ẹ̀lì á kọ ọ́ mọ́ DNA tuntun, iṣẹ́ á sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹni fi búlọ́ọ̀kù tí kò rí sìmẹ́ǹtì tó mọlé ni.

Énsáìmù méjì ló ń palẹ̀ oògùn yìí mọ́ kó má baà pọ̀ jù: TPMT àti xanthine oxidase. Xanthine oxidase yìí náà ló ń ṣe uric acid tó ń gún mi lẹ́sẹ̀, òun sì ni allopurinol ń dè lọ́wọ́. Ṣé o ti rí i? Azathioprine á gbárajọ sí ọ lára, mùdùnmúdùn egungun rẹ kò ní lè ṣe ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Mo ti rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Mò ń ti sláìdì síwá sẹ́yìn, pupa, pupa, pupa. Ó pẹ́ kí n tó rí funfun kan ṣoṣo. Dókítà tó bá di dandan fún láti pa méjèèjì pọ̀ máa ń dín azathioprine kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Àwọn kan náà ló sì ṣe oògùn méjèèjì, Gertrude Elion àti George Hitchings, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Elion kò ka PhD parí. Bá mi sọ ìyẹn fún àbúrò rẹ.

Lọ sí kíníìkì lọ́la, kó gbogbo oògùn rẹ dání, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Má dá azathioprine dúró fúnra rẹ. Má sì yà ra diclofenac, oògùn ìrora yẹn, ní kẹ́míìsì, kíndìnrín màmá rẹ kò fẹ́ ẹ.

Fi ike oògùn mi rán àbúrò rẹ ní Sátidé. Ẹsẹ̀ tèmi náà ti ń ta mí.

Bàbá rẹ